Àwòrán Inú Orí Agbẹjọ́rò

Ajé, 2 Èbìbí

Agbẹjọ́rò dákú sí balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo fi èjìká já ilẹ̀kùn. Mo gbé e — kò wúwo rárá. Àpò ìyẹ̀fun tí mò ń gbé lójoojúmọ́ ní bẹ́kìrì wúwo jù ú lọ, mi ò sì ṣàsọdùn. Ọmọ ogún ọdún.

Wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù. Màámi ní ibà ni. Kì í ṣe ibà. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe ibà, a kàn ń pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, 3 Èbìbí

Àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Agbẹjọ́rò, torí láti kékeré, tí o bá ní ilẹ̀ ń ṣú, á bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ. Ilé-ìwé abúlé ni tèmi parí sí. Òun ló kàwé dókè.

Ẹjọ́ oúnjẹ ló ń rò láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun ti jẹ níta. Inú ń run òun. Òun máa jẹ tó bá yá. Gbogbo ẹjọ́ yẹn ló jàre. Ara rẹ̀ ló wá ń jẹ̀bi.

Lónìí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ògiri ló ń wò. Mo bi í bóyá kí n bu omi wá. Ó pẹ́ kó tó yé e pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju eegun èjìká rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 5 Èbìbí

Wọ́n gbé e wọ inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń lu páànù. Lẹ́yìn náà ni dókítà pè wá wọlé. Obìnrin ni, ọ̀dọ́, kì í fi awò rẹ̀ sójú, orí ló máa ń gbé e sí. Awòlórí ni mò ń pè é nínú ọkàn mi.

Ó gbé àwòrán náà síwájú wa, dúdú pẹ̀lú eérú. Ó ní, "Ẹ wo ibí, mà. Ọpọlọ rẹ̀ ti súnkì."

Màámi ní, "Súnkì? Bí aṣọ?"

"Bí aṣọ, mà."

Ó ní àìjẹun ló fà á. Pé ọpọlọ ti fà kúrò lára eegun, pé èèpo òkè rẹ̀, níbi téèyàn fi ń ronú, ti di fẹ́lẹ́. Omi ló wá dí àlàfo náà. Gbogbo dúdú tá à ń wò yẹn, omi ni.

Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi bóyá ó máa padà. Mo ní búrẹ́dì ni mò ń ṣe, búrẹ́dì tó bá ti rọlẹ̀ nínú ààrò kì í wú mọ́, kò sóhun tó o lè ṣe sí i. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọpọlọ kì í ṣe búrẹ́dì, Bùrọ̀dá." Ó ní tó bá ń jẹun, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa padà, ó tiẹ̀ lè má pẹ́ tó bá a ṣe rò. Pé wọ́n máa ya òmíràn lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta.

Mo ní kó búra. Ó ní òun ò ní búra.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ẹtì, 6 Èbìbí

Wàhálà. Nọ́ọ̀sì kan sọ "àìsàn ọpọlọ" létí Màámi, ó parí. Lẹ́nu tiwa, àìsàn ọpọlọ, wèrè tó wọ bàtà ni. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. "Ọmọ mi ò já aṣọ sílẹ̀. Ọmọ mi ò rìn kiri ìgboro. Ẹ má sọ ọmọ mi di wèrè fún mi!"

Mo jókòó lé báàgì náà.

"Dìde, olórí kunkun."

"Mi ò dìde, Màámi."

Ó fà mí létí. Ó bú mi. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbálẹ̀ yí mi ká bí ẹni pé àga ni mí. Mi ò kúrò. Nígbà tó pẹ́, Màámi náà jókòó sórí báàgì kejì, ó fẹ̀yìn ti mí. Ó ní, "O jọ bàbá ẹ gan-an." Kì í ṣe oríyìn.

Ṣùgbọ́n a ò lọ mọ́.

Àìkú, 15 Èbìbí

Ó mu ife mílíìkì kan. Ó ti tutù rìn-ìn kó tó mu ún tán.

Ọjọ́rú, 25 Èbìbí

Wọ́n ní ká má bẹ̀ ẹ́, ká má bá a jà, ká kàn jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ká máa sọ nǹkan mìíràn. Èmi ò mọ nǹkan mìíràn sọ. Mo sọ bí Ọ̀gá wa ní bẹ́kìrì ṣe yọ̀ ṣubú sínú ìyẹ̀fun, tó funfun dìde bí òkú. Agbẹjọ́rò gé ẹyin sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fún èèrà jẹ. Lójijì ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ti wẹ̀?"

Òórùn búrẹ́dì ni. Ó ní tó bá ti wọ imú òun, ariwo máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú òun.

Nítorí náà mò ń wẹ̀ kí n tó lọ báyìí. Mò ń pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ní, "Ọṣẹ olóòórùn dídùn! Ọmọ ta ni?" Mo ní ọmọ ìyá mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àbámẹ́ta, 4 Òkúdu

Màámi rọra bi í, bí ẹni ń béèrè ará ilé tó rìnrìn àjò: "Ọpọlọ ẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ń fò bọ̀, Màámi. Ọ̀pọ̀lọ́ ni."

Kò kọ́kọ́ yé wa. Ìgbà tó yé Màámi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ bojú. Èmi bọ́ síta, mo lọ dúró lẹ́yìn táńkì omi. Láti ọdún tó kọjá ni ọmọ yìí ò ti dá àpárá kankan.

Ìṣẹ́gun, 14 Òkúdu

Wọ́n ti dá a sílẹ̀. A wà nílé.

Àìkú, 19 Òkúdu

Mo ti bà á jẹ́.

Ó jáde láti yàrá, ó wọ kaba aláwọ̀ búlúù rẹ̀. Kaba náà gbà á, kò kàn rọ̀ dirodiro mọ́. Inú mi dùn, ẹnu mi sì sá ṣáájú mi. "Ẹ wá wò ó! Agbẹjọ́rò ti sanra!"

Nílé wa, àdúrà tó gbà nìyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó dìde àìsàn nìyẹn. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ayọ̀ mìíràn tó tóbi tó o.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó padà wọlé, ó bọ́ kaba. Kò jẹun ọ̀sán. Kò jẹ ti alẹ́.

Ajé, 20 Òkúdu

Kò jẹun.

Ìṣẹ́gun, 21 Òkúdu

Kò jẹun. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo bẹ̀ ẹ́. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti inú. Ó ní mi ò ṣe nǹkan kan, pé mo kàn tún ohun tí wọ́n ti ń sọ fún òun tẹ́lẹ̀ sọ ni.

"Ta ló ń sọ ọ́?"

"Kò sẹ́nì kan, Bùrọ̀dá. Orí mi ni."

Ọjọ́bọ̀, 23 Òkúdu

Ọsibítù lẹ́ẹ̀kan sí i. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ gba imú rẹ̀ wọlé. Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Awòlórí ò bá mi wí. Ì bá dára kó bá mi wí.

Mo jókòó, mò ń rántí bá a ṣe ń kí ara wa. O ti rù. O ti sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ti yọ. Ara ẹ ń dán. Kí ló ń jẹ ọ́ tó o fún báyìí? Tá a bá yọ ẹran ara kúrò nínú ìkíni wa, kí ló ṣẹ́ kù? Mo bi Ọ̀gá. Ó ronú sí i bó ṣe ń po ìyẹ̀fun. "Ṣé ká wá máa kí i pé ẹ kú èémí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kú èémí dáa.

Àbámẹ́ta, 25 Òkúdu

Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo ní tí àbúrò mi bá dé, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ — ẹ má ní ó rù, ẹ má ní ó sanra. Ìyá télọ̀ tó wà lápá ọ̀tún wa ní, "Ṣé ìwọ ọmọ àná lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ó ṣeé ṣe.

Ẹtì, 8 Agẹmọ

Ó ti délé. Ìyá télọ̀ rí i lẹ́nu géètì. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Ó ní, "Irun ẹ dáa."

Bá a ṣe wọlé, Agbẹjọ́rò ní, "Bùrọ̀dá, kí lẹ ṣe fún obìnrin yẹn?"

Ọjọ́rú, 20 Agẹmọ

Ó ń jẹun. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ tán. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jiyàn. Ó ka ìwé ìròyìn fún Màámi, ó sì tún un sọ láìwo ìwé. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ọjọ́ tí àwòrán kejì bá jáde, tó bá ti kún, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ajé, 8 Ògún

Ó KÚN.

Awòlórí gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi ará oko pàápàá rí i. Dúdú ti fún, eérú ti tì í títí dé ẹ̀bá eegun. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ṣì ń bọ̀. Màámi kúnlẹ̀ sórí táìlì. Mo bọ dókítà lọ́wọ́ títí awò fi já bọ́ sójú rẹ̀, níbi tó yẹ kó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó lorí nìkan ni kò yọ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó rẹwà," bí ẹni ń yin ọmọ ọlọ́mọ.

Ìṣẹ́gun, 9 Ògún

Mo bi í nídìí oúnjẹ àárọ̀ pé kí ló dé tí inú rẹ̀ ò dùn. Mo ní ó ti parí.

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Kò bínú. Ó bi mí pé kí ni mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì yìí láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní bí ọpọlọ ṣe ń padà ni ẹ̀rù oúnjẹ ń lọ.

Ó ní ẹ̀rù ò lọ síbì kankan. Kò lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní nígbà tí ọpọlọ òun súnkì, inú orí òun dà bíi yàrá òfìfo, ohùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ò tiẹ̀ mọ ìbànújẹ́. Ní báyìí ó ti kún. Òun ń gbọ́ ohùn yẹn, òun sì ń gbọ́ tara òun, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ pọ̀. "Àtẹ̀yìnwá kọ́ ló le jù, Bùrọ̀dá. Ìsinsìnyí ni."

Mo ní ìgbà wo ló máa dákẹ́. Ó ní Awòlórí ti sọ fún òun pé ọpọlọ ló máa ń tètè dé, ìyókù á máa tẹ̀lé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọdún.

Gbogbo ọjọ́ yìí. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mò ń sọ ìtàn Ọ̀gá, mò ń ka abọ́ tó ṣófo sí ìṣẹ́gun tèmi.

Oúnjẹ rẹ̀ ti tutù. Mo dìde pé kí n lọ gbé e gbóná. Ó di abọ́ mú. "Ẹ má gbé e. Tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ padà."

Mo jókòó. Àkókò iṣẹ́ ti kọjá. Mi ò wá ìtàn kankan.

Ó mú ṣíbí. Ó bù ú, ó gbé e sẹ́nu, ó pajú dé, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí òun fúnra rẹ̀ tó ń jẹun nìyẹn, kì í ṣe abọ́.