Ojú-Ìwé Ìdágbére: Ìgbésí Ayé Màmá Ablavi Enyonam Kpodo (1961–2024)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1961, ni a bí Màmá wa ní abúlé Kpodzikope, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàrin òkun àti ọ̀sà lápá Keta. Nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ Abla. Komla Dzokoto, apẹja, ni bàbá wọn. Adzo, ọmọ àgbẹ̀ alálùbọ́sà láti Anloga, ni ìyá wọn. Yàrá tí a bí wọn sí kò sí mọ́. Ilẹ̀ tó gbé yàrá náà dúró kò sí mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ń ju àwọ̀n sí báyìí.

Wọ́n wọ ilé-ìwé ní 1967, wọ́n sì jáde ní 1977. Ní oṣù kẹjọ 1978, ọkọ̀ bàbá wọn lọ sójú òkun, kò padà. Màmá gba oko àlùbọ́sà lọ: ogójì igbá omi láàárọ̀, ogójì nírọ̀lẹ́. Ní ọdún ebi, 1983, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni a kò dáná nílé. Wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Yao Kpodo, atún-àwọ̀n-ṣe, ní 1984. Láti 1989 ni wọ́n ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, níbi tí ènìyàn mẹ́sàn-án ti ń pín fìtílà kan.

Ní 1998, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, yunifásítì kan ní Accra gbà wọ́n láti kọ́ nípa iṣẹ́ ìgbàyégbádùn ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè náà gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, kó kọ ìwé ìwádìí kan, kó sì lo irínwó wákàtí láàrin àwọn tó nílò ìrànwọ́. Ó gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹnìkan láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ojú-ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ni ojú-ìwé ìdágbére: yóò sọ fún ẹni náà lójúkojú pé òun kò ní wá mọ́, ẹni náà yóò sì fọwọ́ sí i. Màmá ṣe gbogbo ìyókù tán.

Kpodzikope níbí ni a rán wọn wá ní oṣù kìíní 2001, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tí a fi lé wọn lọ́wọ́ ni Togbi Afetsi, arúgbó apẹja tó ń dá gbé inú ilé tó sún mọ́ òkun jù. Iṣẹ́ Màmá ni láti rọ Bàbá Afetsi yìí kí wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin lókè, níbi tí òkun kò lè dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi omi: ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ní oṣù karùn-ún, ó ku mẹ́rìnlá.

Bàbá a máa ní, “Akẹ́kọ̀ọ́ arúgbó, ṣé ìwé tó ò ń kà ti dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òkun níwà?”

Màmá a ní, “Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀yin ná, Bàbá. Tiyín le ju ti òkun lọ.”

Wọn a jọ jẹ akple, òkèlè àgbàdo, Bàbá a ki àtàǹpàkò bọ tádáwà, a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé iṣẹ́ Màmá láti jẹ́rìí sí wákàtí ọjọ́ náà. Àpá ìwọ̀ ẹja kan la àtàǹpàkò náà sí méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà, ni wákàtí pé irínwó. Bàbá ti gbà pé àwọn yóò kó lọ. Ó ku ìdágbére. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í jáde nílé ẹlòmíràn ká ní a ti lọ. “Mo lọ, mò ń bọ̀” là ń wí; ẹni tó bá ní òun kò bọ̀ mọ́ ti sin onílé láàyè. Màmá ṣí ojú-ìwé náà, wọ́n tún pa á dé.

Wọ́n ní, “Bàbá, mo lọ, mò ń bọ̀.”

“Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Má jẹ̀ẹ́ kí n retí lásán o.”

Lọ́jọ́ Àìkú, òkun dé ẹnu ilẹ̀kùn. Komi Agbeko, tó wà láàrin wa lónìí, wà lára àwọn tó sáré lọ gbé Bàbá. Bàbá ké sí wọn láti inú ilé pé, “Ẹ fi mí sílẹ̀! Abla ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá dé tí kò bá mi ńkọ́?” Bàbá ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kí àáké tó dé, ilé ti lọ. A kò rí òkú wọn.

Màmá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ̀ kankan kì í lọ sójú omi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èèwọ̀ apẹja ni, etí òkun sì dákẹ́. Ní ọ̀sán gangan, àwọn obìnrin tó ń sá ẹja gbọ́ ohùn Bàbá láti inú omi: “Ṣé Abla ti dé?”

Màmá dáhùn pé, “Mo ti dé, Bàbá.”

Ohùn náà tún béèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè títí oòrùn fi wọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Senanu, tó ń bojú tó iṣẹ́ wọn láti yunifásítì, ṣàánú wọn. Ó ní, “Màmá, ẹ tẹ àtàǹpàkò tiyín sí ojú-ìwé ìdágbére yẹn jàre. Ta ló máa lọ bi òkun?”

Màmá ní, “Ẹni tó ni ojú-ìwé yẹn ṣì ń béèrè mi.”

Ní 2002, àwọn mọ́kànlélógójì tí wọ́n jọ kàwé wọ aṣọ oyè. Màmá kò wọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe igbákejì ní ọ́fíìsì ìgbàyégbádùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ padà di ọ̀gá wọn. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó sọnù ni wọ́n mú padà sọ́dọ̀ òbí. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ títí ohùn wọn fi há. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wọn a gbé ìwé náà lọ sétí òkun, ohùn náà a bi wọ́n, wọn a dáhùn pé àwọn ti dé. Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kí wọ́n fi kún un, ọ̀rọ̀ ìdágbére, kò jáde lẹ́nu wọn rí. Nínú ilé, a kò tún gbọ́ “mò ń bọ̀” lẹ́nu wọn mọ́. Wọn a ní, “Aago mẹ́rin ni n ó wọlé.” Aago mẹ́rin náà ni wọn a wọlé.

Oṣù mẹ́rin ni àìsàn fi dá wọn gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá 2024, wọ́n ní kí Selorm, àkọ́bí wọn, gbé ìwé náà fún àwọn. Ní ọ̀sán gangan, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n ní, “Bàbá, mo ti dé. N kò ní wá mọ́.” Ẹ̀mí bọ́.

Nígbà tí a gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Ojú-ìwé tó kẹ́yìn nìkan ló tutù, tó ń rùn bí omi òkun. Àmì àtàǹpàkò kan wà lórí rẹ̀, àpá sì là á sí méjì. Ọwọ́ Màmá mọ́ tónítóní. Tádáwà inú ilé ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa mẹ́fà ló rí i. A kò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹja sọ pé àwọn kò gbọ́ ohùn kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. A ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yunifásítì. A kò tíì rí èsì.

Ọkọ wọn ti ṣáájú ní 2015. Wọ́n fi Selorm, Dzidula àti Etornam sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

A bẹ̀ yín, létí sàréè lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wọn pé òun ń bọ̀.

Abla, ọmọ Komla, wákàtí yín ti pé. Ẹ sùn re o. A kò retí yín mọ́.