Gooro Tí Fawziyyah Dá Padà

Ràbíátù àbúrò mi,

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó sùn sórí páálí ní gáréèjì ìlú Tamale níbí, tó ru táyà títí irun àtàrí rẹ̀ fi re, tó ka ìwé mẹ́ta péré, tó wá di Alhaji Mọ̀múdù onílé méjì, ló ń kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́. Ìyàwó mi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọṣẹ dúdú Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Fawziyyah ọmọ mi, tó ń bá mi ta táyà ní ṣọ́ọ̀bù, gbé táyà tí kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ fún oníbàárà. Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn: "Olódo! Ṣé o fọ́jú ni?" Ó gba ilé ọkọ rẹ̀ lọ ní Vittin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Bí àgbà ṣe ń ṣe, mo fi obì gooro rán Zakaria ọ̀rẹ́ mi sí i láti fi bẹ̀ ẹ́. Fawziyyah dá gooro náà padà. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ojú tì mí púpọ̀, àyà mi ṣì ń já. Bí mo bá ṣàṣìṣe, kí wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀. Gooro ò létí. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi."

Ràbíátù, nínú gbogbo ìyà tó jẹ mí, kò sẹ́ni tó bi mí rí bó ṣe rí lára mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ nìyẹn.

Ọlọ́run á pa gbogbo yín mọ́. Bá mi ṣàdúà. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí a bá kírun tán, èmi fúnra mi á gun máṣíìnì lọ sí Vittin lọ́wọ́ òfo. N ó jókòó, n ó panu mọ́, n ó sì gbọ́ tẹnu Fawziyyah.