Ọwọ́ Tó Wọ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú àárò wa. Ṣé ara Bàbá le? Mo kí Kẹ́mi àbúrò mi àti gbogbo ará ilé. Òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ ní Orozo níbí, ṣùgbọ́n oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, mo sì wà láàyè.

Ẹ ní kí n dárí ji ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọn" nínú lẹ́tà yìí. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Nígbà tó ti Bwari wá bá wa gbé, ẹsẹ̀ òsì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ó gbóná, ó ń ro mí lẹ́yìn ojúgun. Ó ní oyún ọkùnrin ló ń fa ẹsẹ̀ wíwú. Mo ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú. Ó ní ọ̀lẹ ni mí, iṣẹ́ ilé ni mò ń sá fún. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, á gbé omi gbígbóná oníyọ̀ kalẹ̀, á fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Mò ń ké, ó ní kí n mọ́kàn le.

Ọjọ́ tó sìn mí lọ gba ìtọ́jú oyún ni nọ́ọ̀sì rí ẹsẹ̀ mi, tí kò jẹ́ kí n tò sórí ìlà mọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ mi, oyún a sì máa fà á. Ó ní bí ẹsẹ̀ kan bá wú lára aboyún, tó ń dùn ún, kí wọ́n má wọ́ ọ, kí wọ́n sáré gbé e wá, torí bí èyí tó dì bá ṣí kúrò, ó lè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Èmi àti ọmọ ì bá ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Títí dòní, kò tọrọ àforíjì. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba abẹ́rẹ́ níkùn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnì kan nínú ilé kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un. Ọkọ mi fẹ́ kọ́ ọ, mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Obìnrin yìí bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju ejò lọ. Lánàá ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí àbúrò òun gba iṣẹ́ náà. Mo ká aṣọ mi sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gún un."

Ó gún un tẹkúntẹkún, inú mi sì dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Nítorí pé ìyá ọkọ mi ti kú, ó ní òun ni yóò wẹ ọmọ. Ó ti ra kànìnkànìn àti ọṣẹ, ó ń fọ́nnu kiri ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá, ẹ múra, ẹ máa bọ̀ kí n tó bí. Dókítà ní abẹ́rẹ́ yìí kò ní tán lọ́jọ́ ìbímọ, ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa wẹ ọmọ mi. Òun á jókòó ti abẹ́rẹ́ rẹ̀, á máa wò yín.

Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó fọwọ́ ara yín gba ọmọ yìí, kò sì ní sí ọwọ́ ẹlòmíì níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi.