Tablet Kan fún Táyé àti Kẹ́hìndé

“A ṣàkíyèsí pé ẹlòmíràn ń lo tablet yìí. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, a máa tì í pa.” Ohun tí mo bá lójú tablet àwọn ọmọ mi láàárọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ má bú mi.

Ìbejì obìnrin ni mo bí, wọ́n wà ní JSS 3. Mo lè pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé láìbẹ̀rù, torí ní Igbó-Ọrà níbí tí ìbejì pọ̀ sí, ta ló máa fi ìyẹn mọ ilé wa? School wọn ní kí òbí ra tablet tí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Agbára wa ò ká méjì, mo ra ẹyọ kan, mo sanwó rẹ̀ pé. Orúkọ Táyé ló wà lórí rẹ̀, ojú Táyé ló sì ń ṣí i. Wọ́n sọ ọ́ kedere pé ọmọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ lò ó, mo sì fọwọ́ sí i... mi ò níí parọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí jọra bí ìmumu. Kẹ́hìndé gbé e sójú lọ́jọ́ kan, ó ṣí! Mo rí i, mo jẹ́ kó máa lò ó. Ṣé a máa ń ra nǹkan fún Táyé ká má ra ti Kẹ́hìndé ni? Tó bá jẹ́ ìwé ni mo rà, ṣé ẹnìkan máa ní kí Kẹ́hìndé dijú? Nǹkan tí mo fowó mi rà... ṣé tèmi ni, àbí mo kàn ń bá wọn tọ́jú ẹ̀?

Ibi tó ti wá ń dùn mí nìyí o. Kẹ́hìndé mọ ìṣirò ju Táyé lọ. Ìṣirò tí ọmọ bá gbà ni tablet yẹn ń wò kó tó mọ èyí tó kàn láti kọ́ ọ. Gbogbo èyí tí Kẹ́hìndé ń gbà, Táyé ló ń kà á sí. Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀... ọmọ tí kò rí ìṣirò kan gbà lọ́sàn-án, báwo ló ṣe wá mọ̀ ọ́n ní ìrọ̀lẹ́? Tablet náà ti gbé Táyé fo ibi tí kò yé e, ọmọ wá ń sunkún pé òun ya òmùgọ̀. Òfin wọn nídìí, mo ti rí i báyìí. Ṣùgbọ́n mo fọgbọ́n bi tíṣà wọn bóyá orúkọ méjì lè wà lórí ẹyọ kan, kí kálukú máa lọ lọ́nà tirẹ̀, ó ní rárá. Ìdí wo nìyẹn náà ní?

Bàbá wọn ní kí n gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní gáréèjì kó fọ́ lọ́ọ̀kù rẹ̀. “Ìyá Ìbejì, ta ló ń tọrọ ààyè kó tó jókòó lórí àga tó fowó ara rẹ̀ rà?” Onífóònù ní òun lè ṣe é, àmọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ máa parẹ́.

Mo wá sọ fún Kẹ́hìndé pé kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó wojú mi, ó ní, “Màámi, ṣé èmi ni ẹlòmíràn tí wọ́n ń wí yẹn?” Táyé gbọ́, ó ní tí Kẹ́hìndé ò bá lò ó, òun náà ò lò ó mọ́. Tablet wà lórí wọ́dúróòbù, ìdánwò àṣejáde wọn ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń kàwé nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ ní school, bí wọ́n tilẹ̀ máa tì í, àbí kí n fi dandan mú Táyé kó dá lò ó, kí Kẹ́hìndé máa wò ó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tí ẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ọmọ yín ni.