Kọfí Tí Mo Ń Po Nígbà Tí Ìròyìn Ikú Bàámi Dé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí Bọ̀dá Táyé àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Àgbà tí wọ́n ń sùn tì yín láti ọjọ́ ìsìnkú.

Bọ̀dá Táyé sọ fún mi pé ẹ bi àwọn pé irú ọkàn wo ni mo ní, tí mo fi dúró létí sàréè bàbá mi tí omi ò bọ́ lójú mi. Wọ́n ní gbogbo Kàbà ló ń sọ ọ́. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, gbangba náà ni mo ti ń fèsì; ẹni tó bá wù kó ka lẹ́tà yìí.

Ẹ mọ̀ pé Màmá Tíṣà ni mo ń tọ́jú níbí ní Àgbádárìgì. Ìyá Ègùn ni wọ́n. Èdè Faransé ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ kí ojú wọn tó fọ́. Òjò ń rọ̀, iyọ̀ òkun ń jẹ irin fèrèsé, Ègùn ni gbogbo àdúgbò ń sọ. Nígbà mìíràn, láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ Màmá nìkan, tí wọ́n ń bá mi sọ Yorùbá, ló máa ń yé mi.

Àràárọ̀ ni wọ́n ń mu kọfí. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po ó nínú jọ́ọ̀gì onígíláàsì tó ní irin ìtẹ̀ lórí. Wọ́n ní kí n lọ kóró rẹ̀ kó rí hóró-hóró bíi gàrí, kó má kúnná bí èlùbọ́. Bí omi bá hó, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó sinmi díẹ̀, kí n tó dà á sórí kọfí nínú jọ́ọ̀gì. Kí n rò ó, kí n dé e, kí n ní sùúrù, kí n wá rọra tẹ irin náà wálẹ̀, kó ti kọfí lílọ̀ náà sísàlẹ̀. Bó bá le, kí n má fipá tẹ̀ ẹ́, kó má baà ta sí mi lára.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Bọ̀dá Táyé pè, pé Bàámi ṣubú lóko, wọn ò sì dìde mọ́. Mo gbé fóònù kalẹ̀. Mo ń wo kọfí tó léfòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá pè mí kí n tó gbọ́. Kọfí náà ti tutù, ó ti korò, síbẹ̀ wọ́n mu ún tán, wọ́n wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní bàbá mi ti kú, bí ẹni ń sọ pé gáàsì ti tán.

Wọn ò ní kí n mọ́kàn le. Wọ́n ní kí n bu tèmi. Màámi, gbogbo ọdún tí Bàámi fi gbin kọfí tí wọ́n ń tà á ní àpò-àpò, ẹnu wa ò kàn án rí. Mo mu ún, mi ò mọ ìkorò, mi ò mọ adùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan ṣe rí lẹ́nu mi títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni erùpẹ̀ sàréè rí lójú mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn wọn.

Màmá ní nígbà tí ọkọ àwọn kú, ọdún kẹta ni ẹkún tó dé, níbi tí àwọn ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní kí n má wá a kiri.

Màmá ti yọ̀ǹda fún mi láti wá sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín. Bí ẹ bá ń sunkún, màá di ọwọ́ yín mú. Ohun tí mo ní nìyẹn.

Kí Olúwa rọ̀ yín lọ́kàn, kó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí kan àwọn tí inú ń bí sí mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀.