Bàbá Ti Dìde ní Obiagu

Ilé Bàbá Rẹ,
Òkè-Àgbède,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọmọ́níyì, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé eruku Enugu ò tíì gba ọ̀fun rẹ tán? Àwa níhìn-ín wà bí Ọlọ́run ṣe fi wá sí, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kì í gbọ́ràn, òun náà sì ń gbìyànjú. Ọlọ́run tó pa ọ́ mọ́ láti kékeré kò ní fi ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí. Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ ní ìlú onílùú kò ní yọ̀ ọ́ ṣubú. Àmín.

Ewúrẹ́ abilà wa ti bí méjì. Àwọn ọmọ Olúdáìsí ti sún ààlà oko wọn wá sí ìdí igi obì wa, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró kí Bàbá rẹ gbọ́. Wọ́n wo ara wọn lójú, torí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ín. Mi ò bá wọn jiyàn. Ìwọ nìkan ni a jọ lè sọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀dọ̀ rẹ ló wà.

Fóònù Bàbá rẹ tó o ní kí n máa lò lẹ́yìn ìsìnkú ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó ké bí òròmọdìyẹ, mo sì rí Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà lójú rẹ̀. Mo gbé e tọ Tísà Adékọ̀yà lọ, èyí tó fẹ̀yìn tì nílé ìwé ìjọ wa, torí òun ló máa ń bá mi ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó kà á sókè: BABA IS DOWN. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Bàbá wà nílẹ̀. Mo ní èmi náà mọ̀ pé ó wà nílẹ̀, ṣebí ojú mi ni wọ́n ṣe bò ó. Mo kí i, mo ń lọ, mi ò tíì dé ìdí ọsàn rẹ̀ tí fóònù tún fi ké. Mo yí padà, Tísà kà á: BABA IS UP. Ó ní Bàbá ti dìde. Àwa méjèèjì jókòó. Nígbà tí mo délé, ọ̀pá Bàbá rẹ tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí fóònù bá ti ní Bàbá ṣubú, ilẹ̀ ni mo máa ń bá ọ̀pá náà. O lè ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ wo ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì?

O ṣàlàyé fún mi lórí fóònù, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. O ní àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù lo tú tó o tò sínú àpótí irinṣẹ́ tí Bàbá rẹ fi ṣiṣẹ́ rélùwéè, pé ìdí nìyẹn tó o fi sọ ọ́ ní Bàbá, pé fúnra ẹ̀rọ náà ló máa ń ránṣẹ́ bí iná bá lọ àti bí iná bá dé, àti pé nọ́ńbà yìí lo fi dán an wò nígbà ìsìnkú tó o sì gbàgbé síbẹ̀. O ní inú yàrá lo ti ń fi kọ́ṣẹ́, torí àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í gba ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ náà rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n tún ń béèrè sáfíkéètì. Mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ẹnu rẹ náà ló ń tú ọ. O ní ooru máa ń mú un, o ra fáànù tì í. Ta ni kò mọ̀ pé Bàbá rẹ kì í lè mí bí ooru bá mú? O ní bí wọ́n bá pa á lójijì, bó bá jí, kì í rántí ohun tó ń ṣe mọ́. O ní host ni wọ́n ń pè é, Tísà sì ní host ni ẹni tó ń gba àlejò sílé. Bàbá rẹ tó máa ń kó ẹni tí ọkọ̀ ojú irin já sílẹ̀ wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa nígbà tí a ń gbé Obiagu ní Enugu, tí èmi pẹ̀lú ìwọ á lọ sùn sórí ẹní. Mo ti mọ̀ ọ́n.

Ti ìdánwò sáfíkéètì rẹ, mo gbàdúrà sí i títí. O ní Línọ́ọ̀sì tó ń darí kọ̀ǹpútà lo gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa kó o tó yege. Mo bi Tísà léèrè irú ẹni tó jẹ́, ó ní Línù kan wà láyé àwọn àpọ́sítélì, onígbàgbọ́ gidi ni, kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó o ń ṣe ni àwọ̀n. Mo rò ó títí, orí òkè ni Enugu wà, ẹja wo lẹ fẹ́ fi àwọ̀n kó níbẹ̀? Ṣùgbọ́n apẹja náà làwọn àpọ́sítélì, ni mo bá gbà.

Nneka onílé rẹ, Màmá Ebube, ló wá là mí lójú. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni wá. Ó pè mí, ó ní ọmọ mi kì í mutí, kì í kó obìnrinkóbìnrin wọlé, ṣùgbọ́n ara òun kì í gbà á bí òun bá ń gba iwájú yàrá rẹ kọjá, torí òun máa ń gbọ́ tó o ń bẹ ẹnì kan níbẹ̀ pé, “Baba, abeg, come up. No do me like this.” Ó ní òun kan ilẹ̀kùn, ìwọ nìkan lòun bá, àti àpótí kan tí iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, tó ń mí. Ó ní òun ya àmì àgbélébùú síwájú orí òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sunkún, torí Bàbá rẹ kì í tètè dìde láàárọ̀, bí mo ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Má jẹ́ kí Pásítọ̀ gbọ́ eléyìí o. Mo mọ ibi tí òkú onígbàgbọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ìgbàgbọ́ tó dé làwọn àgbà ti mọ̀ pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò pé lè kú nílé kó lọ máa gbé ìlú mìíràn, kó máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò kú rárá. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ tó fi Enugu ṣe ilé, níbo ni ì bá tún lọ? Èèwọ̀ àkúdàáyà ni pé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fojú kàn án, pípòórá ni, a ò ní rí i mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọnú àpótí, kí ojú tìrẹ má bàa kàn án. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n kọ̀ nígbà tó o ní kí n wá kí ọ. Kì í ṣe orúnkún.

Ohun tó wá ń já mi láyà ni èyí tó o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní o ti yege, ilé iṣẹ́ kan sì ti gbà ọ́. Mo jó títí orúnkún fi dá mi jókòó. O wá ní tó o bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o máa gbé Bàbá lọ sí kíláòdù, o ó sì pa àpótí náà. Tísà ní ìkúukùu ojú ọ̀run nìyẹn. Ọmọ́níyì, mi ò ní kó má lọ, ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n wá kó o tó gbé e. Mi ò ní wọlé. Mo máa dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Ebube, mo máa kọjú sí ògiri, kí o ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí n gbọ́ mímí rẹ̀, kí n kí i pé ó dàárọ̀. Lọ́jọ́ tó lọ, oko ni mo wà, wọ́n ti pa á lójú dé kí n tó dé. Ó ń dùn mí di òní.

Mo sì sọ fún ọ pé kó má dá wà lọ́hùn-ún, torí Bàbá rẹ ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní kí n má ṣèyọnu, pé o ti ń to èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ máa lọ, o ti sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà á sì dùn mọ́ mi. Mo dúpẹ́. Mi ò béèrè orúkọ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra sólà kékeré, torí ilé onígbàjámọ̀ ni mo ń gbé fóònù lọ fún iná, wọ́n sì ti ń fojú burúkú wò mí. Fi owó ọkọ̀ mi kún un. Èyí tó bá kù, fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ rẹ, kí Bàbá rẹ má ṣubú mọ́ kí n tó dé. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa ṣubú báyẹn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ jẹ́ iṣẹ́ àṣelà. Bí o ṣe ń gbé ẹni dìde, wà á rí ẹni gbé ìwọ náà dìde. Wà á sin mí, mi ò ní sin ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ ní Obiagu,
Ìyá Ọmọ́níyì.

Mo tún ìwé yìí ṣí ni. Adégbénga tó máa fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e dé Onitsha ti ń fọn fèrè níta, ṣùgbọ́n fóònù ti ké. Mi ò gbé e lọ bá Tísà, torí ojú mi ti mọ ọ̀rọ̀ náà. DOWN ló parí sí. Èyí tó ṣáájú ni kì í ṣe BABA. Mo kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: MAMA IS DOWN. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọ̀pá Bàbá rẹ wà níbi tí mo kọ́ ọ sí. Àpótí tí mo fi ń jókòó dáná ló dojú dé, bẹ́ẹ̀ àwọn ewúrẹ́ wà lórí ìso.

Ọmọ mi, wọ́n ṣì mí kọ. Orí ìdúró ni mo wà, ara ògiri ni mo ti ń kọ èyí. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kọ. Orúnkún ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó títí fóònù á fi sọ pé mo ti dìde.