Òòfà Tí Wọ́n Ń Gbé Lé Ọkọ Mi Lórí

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Aránṣọ ni mí, bíríkìlà ni ọkọ mi kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn ń dán ẹ̀rọ kan wò. Wọn á gbé òòfà lé e lórí, á máa dún ta-ta-ta, lẹ́yìn náà wọn á mú un rìn. Ara mi ò gbà á. Òòfà ni mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ṣé irú ẹ̀ ló máa gbé èèyàn dìde? Ọkọ mi ní kí n ṣáà bá òun fọwọ́ síwèé àdéhùn wọn, mo sì fọwọ́ sí i láìfara balẹ̀ kà á.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà láìdi ògiri mú. Ó pariwo pé, "Ìyá àwọn ọmọ, òòfà yìí ti jí ẹsẹ̀ mi!"

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìfura ò jẹ́ kí n sinmi. Mo tún ìwé yẹn kà. Ó wà níbẹ̀ pé àwọn aláìsàn kan ń gba òòfà gidi, àwọn yòókù ń gbọ́ ariwo lásán, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Mo bi dókítà pé èwo ni ti ọkọ mi.

Ó ní, "Mà, àwa gan-an ò tíì mọ̀, àfi tá a bá parí ìdánwò náà."

Ọkọ mi ò mọ̀ nípa èyí. Bí mo bá sọ fún un, ọkàn rẹ̀ lè já, kó sì ṣubú. Bí mo bá dákẹ́, mo ń tàn án jẹ nìyẹn. Lọ́la ló fẹ́ gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ ọ́?